Iye Tí Kò Pé: Ǹjẹ́ Òótọ́ Tí Ó Ń Tan Ni Jẹ Yàtọ̀ Sí Irọ́?

Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, obìnrin tí ó fẹ́ ta iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè pàtẹ rẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, kí ó sì bá tirẹ̀ lọ sí oko. Òkúta wẹ́wẹ́ ni yóò kó sí ẹ̀gbẹ́ ọjà náà. Iye òkúta ni iye owó. Arìnrìn-àjò tí ebi ń pa yóò ka òkúta, yóò mú ọjà, yóò sì fi owó sílẹ̀. Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ wa, òótọ́ inú ẹni tí ó ń rà ni a sábà máa ń yìn, pé kò jalè. A kì í sábà rántí òótọ́ inú ẹni tí ó ń tà. Bí òkúta bá jẹ́ márùn-ún, márùn-ún náà ni. Kò sí ẹni tí yóò fò jáde láti inú igbó wá sọ pé owó apẹ̀rẹ̀ ṣì kù, tàbí pé owó ibòòji igi tí a pàtẹ ọjà sí kò sí nínú rẹ̀.

Òkúta tí kò pé ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àròkọ yìí. Ọjà tí a óò fi ṣe àpẹẹrẹ jìnnà sí ọ̀nà oko. Ìrìn-àjò ìgbafẹ́ lórí òkun ni, irú èyí tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá máa ń gbé èrò láti Miami ní ìpínlẹ̀ Florida, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ sí àwọn erékùṣù òkun Kàríbíánì. A mú un nítorí pé ìpolówó rẹ̀ gbé ìbéèrè àtijọ́ kan jáde kedere. Ìbéèrè náà ni pé: bí olówò bá sọ ọ̀rọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n tí ó mọ̀ pé ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò gbà gbọ́, ǹjẹ́ ó purọ́ tàbí kò purọ́?

Bí Iye Náà Ṣe Ń Gòkè

Ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ìṣirò kan. Ká ní tọkọtaya kan rí ìpolówó tí ó sọ pé ọjọ́ méje lórí òkun jẹ́ dọ́là 600 fún ẹnì kan, àti pé gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú owó náà: yàrá, oúnjẹ, eré orí ìtàgé, adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Wọ́n ṣírò rẹ̀ sí 1,200 fún ẹni méjì, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sanwó, owó èbúté àti owó orí yóò yọjú. Ká pè é ní 130 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá wọ ọkọ̀, wọn yóò rí i pé owó ọpẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ àkọsílẹ̀ gbèsè wọn lójoojúmọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí èrò púpọ̀ ń wọ̀, nǹkan bí dọ́là 16 sí 20 ni ó máa ń jẹ́ fún ẹnì kan lóòjọ́. Bí a bá mú 16, ti ọjọ́ méje fún ẹni méjì jẹ́ 224. Bí wọ́n bá fẹ́ lo íntánẹ́ẹ̀tì láti bèèrè àlàáfíà àwọn ọmọ nílé, ká fi 20 lóòjọ́ kún un, èyí jẹ́ 140. Iye tí ó jẹ́ 1,200 ti di 1,824. Ó ti fi ohun tí ó lé ní ìdajì kún ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tíì fi ẹnu kan ọtí, wọn kò sì tíì bá afinimọ̀nà kankan lọ wo erékùṣù kan.

Ti ọtí tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Lórí iye tí a bá kọ sára ọtí, a máa ń fi owó ìránṣẹ́ tí ó tó ìdá 18 tàbí 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Ìpolówó mìíràn a tilẹ̀ sọ pé ọ̀fẹ́ ni ọtí, ṣùgbọ́n èrò yóò san owó ìránṣẹ́ lórí iye tí ìbá san ká ní kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọ̀fẹ́ tí a ń sanwó lé lórí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan sì wà tí ó ń ṣe iṣẹ́ ńlá nínú ìpolówó bẹ́ẹ̀: "láti". "Láti orí dọ́là 600" túmọ̀ sí yàrá inú lọ́hùn-ún tí kò ní fèrèsé, ní ọ̀sẹ̀ tí èrò kò pọ̀, nígbà tí ẹni méjì bá jọ sùn nínú rẹ̀. Opó tàbí àpọ́n tí ó bá dá lọ lè san owó ẹni méjì.

Nínú ọkọ̀, káàdì kan náà tí ó ń ṣí ìlẹ̀kùn yàrá ni a fi ń ra nǹkan. Owó kì í ti ọwọ́ dé ọwọ́ tí ojú yóò fi rí i, àpapọ̀ gbèsè ni ó ń dúró de èrò ní òpin ìrìn-àjò. Kò sì sí ọjà mìíràn láàrin òkun tí ènìyàn lè sá lọ. Láìṣe àbòsí, a gbọ́dọ̀ sọ pé àwọn ọkọ̀ olówó ńlá kan wà tí ọtí, owó ọpẹ́ àti ìrìn-àjò orí ilẹ̀ wà nínú iye wọn ní tòótọ́. Iye tí wọ́n ń kéde a sì ga.

Àwíjàre Àwọn Olówò

Ẹni tí ó fẹ́ dá ẹjọ́ kò gbọdọ̀ gbọ́ ẹnu ẹnì kan. Àwíjàre mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀.

Èkíní ni pé: "A kọ ọ́ síbẹ̀." Òótọ́ ni. Lábẹ́ ìpolówó, ní lẹ́tà wínníwínní, a ti sọ pé owó kan ṣì kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ "gbogbo rẹ̀", tí ó sì fi lẹ́tà wínníwínní kọ "àfi", ó mọ èyí tí ojú yóò kà. Bí ó bá fẹ́ kí a mọ̀ ní tòótọ́, kí ló dé tí kò kọ méjèèjì bákan náà? Àwọn àgbà sọ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ìfọkàntán ni ó mú kí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tó láàrin ọmọlúàbí méjì, nítorí pé ẹni tí ó sọ ọ́ fẹ́ kí ó di odidi. Ẹni tí ó sọ ààbọ̀ iye kò fẹ́ kí ó di odidi títí ọwọ́ yóò fi tẹ owó.

Èkejì ni ó lágbára jù: "Ẹni tí kò mutí kò yẹ kí ó san owó ọtí." Èyí tọ̀nà. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí a ya owó ọtí sọ́tọ̀ kúrò lára owó yàrá. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ ìṣe ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ohun tí àwíjàre yìí gbè lẹ́yìn ni yíya owó sọ́tọ̀. Kò gbe ọ̀rọ̀ náà, "gbogbo rẹ̀", lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ń ta yàrá àti oúnjẹ, kí ó polówó yàrá àti oúnjẹ. Owó èbúté kò sì dà bí ọtí, nítorí kò sí èrò tí ó lè sọ pé òun kò fẹ́ èbúté.

Ẹ̀kẹta ni pé: "Bí gbogbo ẹgbẹ́ wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, oníbàárà ti mọ̀." Ẹnì kan tilẹ̀ lè bi àwa Yorùbá léèrè pé: ìyá alátà tí ó pe ọgọ́rùn-ún fún ohun tí yóò tà ní ọgọ́ta ńkọ́? Ìdáhùn wa ni pé ìnájà jẹ́ eré tí ẹni méjèèjì mọ òfin rẹ̀. Iye tí ìyá alátà pè ń wálẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ti ń lọ. Iye tí ọlọ́kọ̀ pè ń gòkè. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ oníbàárà, iye ti pé, ẹnu ti kò. Lẹ́yìn náà ni ìyá alátà yóò tún fi èènì sí i. Nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́, ẹni tí ó ra ọjà ni ó ń fi èènì fún ẹni tí ó tà á.

Ohun Tí Àwọn Onírònú Sọ

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun. Nínú ìwé tí Cicero, ará Róòmù, kọ lórí ojúṣe ènìyàn ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Kristi, ó sọ̀rọ̀ oníṣòwò kan tí ó kó ọkà láti Alẹkisáńdíríà lọ sí erékùṣù Rhodes, níbi tí ìyàn ti mú. Oníṣòwò náà mọ̀ pé ọkọ̀ ọkà mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Ṣé kí ó sọ fún àwọn ará Rhodes, àbí kí ó dákẹ́ kí ó sì tà ní ọ̀wọ́n? Diogenes ará Bábílónì sọ pé ohun tí òfin bá ní kí a sọ ni kí a sọ. Antipater, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun pamọ́ fún ẹni tí ó ń rà. Cicero fúnra rẹ̀ gbà pé kò yẹ kí oníṣòwò náà dákẹ́. Ó ní kì í ṣe gbogbo ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ìfipamọ́. Ìfipamọ́ ni pé kí a fẹ́ kí ẹlòmíràn má mọ ohun tí mímọ̀ rẹ̀ ṣe é láǹfààní, kí èrè tiwa lè pọ̀. Bí dídákẹ́ oníṣòwò ọkà bá jẹ́ ẹ̀bi, ti ẹni tí kò dákẹ́, tí ó ń kígbe "gbogbo rẹ̀", pọ̀ jù ú lọ.

Ní ọdún 1785, Immanuel Kant, ará Jámánì, fi ọlọ́jà kan ṣe àpẹẹrẹ tí iye rẹ̀ kì í yí padà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè rà lọ́wọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbà. Kant bèèrè bóyá ìfẹ́ òótọ́ ni ó mú ọlọ́jà náà ṣe bẹ́ẹ̀ tàbí ìfẹ́ èrè ara rẹ̀. Ìbéèrè náà yóò wúlò fún wa láìpẹ́.

Àwọn Tí Ìyà Rẹ̀ Ń Jẹ

Ẹni tí a kọ́kọ́ ń ronú kàn ni oníbàárà, pàápàá ẹni tí ó fi ọdún púpọ̀ tọ́jú owó fún ìrìn-àjò kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹni méjì mìíràn wà.

Ọ̀kan ni olówò olóòótọ́. Bí a bá to iye ogún ọkọ̀ tẹ̀ léra láti orí èyí tí ó kéré jù, ẹni tí ó kó gbogbo owó pọ̀ yóò wà nísàlẹ̀, a ó sì rò pé òun ni ọ̀wọ́n. Òótọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Ẹni tí kò fẹ́ tan ni jẹ yóò tan ni jẹ, tàbí kí ó kógbá sílé. Irọ́ ẹnì kan a wá di owó ibodè tí gbogbo ọjà ń san.

Èkejì ni òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tẹ́ ibùsùn tí wọ́n sì ń gbé oúnjẹ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Philippines, Indonesia àti Íńdíà. Owó iṣẹ́ wọn ni a yọ kúrò nínú iye, tí a wá pè ní owó ọpẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, èrò tí inú bí nítorí gbèsè tí kò retí lè ní kí a yọ owó náà kúrò. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ ni ìyà ń jẹ, ẹni tí ó kọ ìpolówó kò pàdánù nǹkan kan. Ọpẹ́ jẹ́ ohun tí ń ti ọkàn ẹni wá. Bí a bá fi dípò owó iṣẹ́, a ti ba ọpẹ́ jẹ́, a sì ti fi oúnjẹ ọmọ ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́.

Ibi Tí Òfin Dé

Òfin ti gbìyànjú. Ní ọdún 1997, Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ Florida, Bob Butterworth, bá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mẹ́fà ṣe àdéhùn lórí ẹ̀sùn pé kì í ṣe gbogbo owó tí wọ́n ń gbà lórúkọ èbúté ni ó ń dé èbúté. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2024, òfin ìpínlẹ̀ California bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ó ní kí iye tí a polówó ní gbogbo owó tí oníbàárà kò lè yẹ̀ nínú, àyàfi owó orí ìjọba. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá ti ń fi owó èbúté àti owó orí kún iye tí wọ́n ń kéde káàkiri Amẹ́ríkà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú òfin bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2025. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà mú ṣẹ ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà kò kan ọkọ̀ ìgbafẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì eré àti ilé ìtura ni ó mẹ́nu kàn.

Owó ọpẹ́ sì ṣì wà níta, nítorí pé èrò lè ní kí a yọ ọ́, a kò lè pè é ní ọ̀ranyàn. Níbi tí òfin dúró sí, ibẹ̀ ni ìbéèrè Kant ti bá wa. Olówò tí ó kọ iye pípé nítorí ìbẹ̀rù òfin yóò wá ibi tí òfin kò dé. Ẹni tí ó kọ ọ́ nítorí pé kò fẹ́ tan ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ kò nílò ẹ̀ṣọ́.

Ìgúnlẹ̀

Lójú tiwa, ìdáhùn sí ìbéèrè wa ni pé ó purọ́. Bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pé irọ́ ni sísọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ náà kò tíì pé. Irọ́ ni kí a mọ̀ọ́mọ̀ gbin ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ sí ọkàn ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ pé òótọ́ ni a fi gbìn ín. Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ni ó jẹ gbèsè ohun tí ó mọ̀ pé a óò gbọ́.

Ọ̀nà tí a lè fi dán iye wò kò ṣòro. Kí a fi iye náà lé ọmọdé lọ́wọ́, bí ìpolówó ti pè é gan-an, kí a ní kí ó lọ ra ọjà náà wá. Bí ó bá padà délé pẹ̀lú ọjà, iye náà pé. Bí wọ́n bá ní kí ó padà wá mú owó sí i, òkúta ẹ̀bá ọ̀nà náà kò pé, ẹni tí ó tò ó síbẹ̀ sì mọ̀.