Òṣùká Lára Àmì Ológun

Bí àwọn baba wa bá so owó ẹyọ méjì pọ̀ tí wọ́n dojú kọ ara wọn, ẹni tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ìrẹ́pọ̀ ni; bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà dé nìyẹn. Àrokò ni báàjì ọmọ ogun pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kọ́ ni ó pa á.

Ní ọdún 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ sí Dífíṣọ̀n 81 àti Dífíṣọ̀n 82, kí wọ́n lè lọ bá àwọn ará Jàpáàn jà ní Bọ́mà, tí ó ń jẹ́ Myanmar nísinsìnyí. Aláǹtakùn dúdú ni àmì Dífíṣọ̀n 81: Ànáńsè, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ inú àlọ́ àwọn Akan. Adoríkodò ni wọ́n rán an mọ́ apá aṣọ, kí ó lè kọjú sí ọ̀tá nígbà tí ọmọ ogun bá na ìbọn. Ìjàpá ni èmi ìbá fẹ́ kí wọ́n yà, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé Ìjàpá síwájú ogun? Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá.

Èyí tí ó gbà mí lọ́kàn ni ti Dífíṣọ̀n 82: ọ̀kọ̀ méjì tí wọ́n dábùú ara wọn, àti òṣùká aláàárù. Òṣùká tí àwọn ìyá wa ń fi àkísà ká kí wọ́n tó gbé ìkòkò omi! Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ní ọ̀pọ̀ ibi nínú igbó Arakan, mọ́tò kò rí ọ̀nà gbà. Ọkọ̀ òfuurufú ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀. Àwọn aláàárù ni ó ń gbé e rù, tí wọ́n ń tẹ̀lé àwọn oníbọn gun òkè, tí wọ́n ń bá wọn la ẹrẹ̀ kọjá. Orí wọn ni ogun náà dúró lé.

Ǹjẹ́ ọlá ni wọ́n fi dá aláàárù ni, àbí iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sọ di ẹ̀ṣọ́? N kò ní fi ojú tín-ín-rín wo ẹni tí ó ya àmì náà. Kìnnìún àti idì ni àwọn ọlọ́lá Yúróòpù fẹ́ràn láti yà sára asà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹrù-gbígbé rí àyè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ gbèsè sára ògiri ti jẹ́wọ́ pé òun jẹ ẹ́, kò tíì san án. Kí á sì tún wo àmì náà dáadáa: ọ̀kọ̀ wà níbẹ̀, òṣùká wà níbẹ̀, orí kò sí. Lọ́dọ̀ Yorùbá, tí ó ń bọ orí, àìsí yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ohun tí ó wà lórí ènìyàn ni wọ́n yà. Ẹni tí ó ru ú kò ní ojú, kò ní orúkọ.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà lára àwọn olùtọ́jú aláìsàn lábẹ́ aláǹtakùn Dífíṣọ̀n 81. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, ọta ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ ní àfonífojì Kaladan. Àwọn ará abúlé kan gbé e pamọ́, wọ́n ń bọ́ ọ, títí di oṣù Kejìlá. Ọdún 1999 ni ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀ jáde, ó sì kú ní ọdún 2012. Orúkọ wà nínú ìwé yẹn, ìrora wà níbẹ̀, ẹ̀rù wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn aláàárù kò kọ ìwé kankan.