Òṣùwọ̀n Ọwọ́ Adájọ́



Obìnrin àgbàlagbà kan bi mí ní ìbéèrè kan lẹ́yìn Mísà, n kò sì lè tètè dá a lóhùn. Ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé àwọn kan lọ jalè lóru. Ẹnìkan nínú wọn ni ó gbé ìbọn. Ẹnu ọ̀nà ni ọmọ obìnrin yìí dúró sí, tí ó ń ṣọ́nà. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi, ìdájọ́ kan náà ni wọ́n gbà: ikú. Ó wí fún mi pé, “Fadá, n kò sọ pé ọmọ mi kò ṣẹ̀. Olè ni ó lọ jà, mo sì ti sunkún ìtìjú rẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣọ́nà àti ẹni tí ó gbé ìbọn, ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?”

Òfin ilẹ̀ wa dáhùn pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ní ọdún 1970, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ìjọba ológun ṣe òfin pé kí a máa pa adigunjalè. A ti tún òfin náà kọ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì kúrò: ẹni tí ó bá gbé ohun ìjà lọ jalè, tàbí tí ó bá ẹni tí ó gbé ohun ìjà rìn, ikú ni ìjìyà rẹ̀. Bí ẹ̀rí bá ti fìdí múlẹ̀, adájọ́ kò ní ọ̀nà mìíràn. Ìbáà jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò ta sílẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n tan ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ, ìbáà sì jẹ́ pé ó ti ronú pìwà dà, kò lè yí ìjìyà náà padà.

Ẹni tí a kò jẹ́ kí ó wọn ẹ̀ṣẹ̀ wò, ṣé adájọ́ ni a lè pè é? Àwọn baba wa mọ̀ pé ìka kò dọ́gba. Bí wọ́n bá jókòó sí ẹjọ́, wọn a wádìí ẹni tí ó dá ọ̀ràn, ohun tí ó tì í sí i, àti ìbàjẹ́ tí ó ṣe, kí wọn tó dárúkọ ìyà. Ìdájọ́ òdodo ni pé kí a fún olúkúlùkù ní ohun tí ó tọ́ sí i. Bí a bá ti kọ ìjìyà sílẹ̀ kí ẹlẹ́ṣẹ̀ tó dé iwájú adájọ́, a ti gba òṣùwọ̀n lọ́wọ́ adájọ́ náà. Ohùn nìkan ni a fi sílẹ̀ fún un.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò bí àwọn kan nínú yín nínú. Olè ti wọlé tọ̀ yín, wọ́n ti nà yín, wọ́n sì ti sọ ẹlòmíràn di opó. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bínú. N kò sọ pé kí a ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún adigunjalè. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: bí ikú bá jẹ́ ìjìyà ẹni tí ó jalè láìpa ẹnikẹ́ni, tí ikú náà sì jẹ́ ìjìyà ẹni tí ó jalè tí ó sì pànìyàn, kí ni yóò mú kí olè dá ẹ̀mí onílé sí? Onílé ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Òfin tí a rò pé ó ń ṣọ́ wa lè kọ́ olè láti má ṣe fi ẹlẹ́rìí sílẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà, tí wọ́n jogún òfin Gẹ̀ẹ́sì bí àwa, ti tún ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Ilé-ẹjọ́ Màláwì ní ọdún 2007, ti Ùgáńdà ní 2009, àti ti Kẹ́ńyà ní 2017, wí pé kò bá òfin ìpìlẹ̀ wọn mu láti sọ ìdájọ́ ikú di dandan fún adájọ́. Wọn kò tipa bẹ́ẹ̀ dá apànìyàn sílẹ̀. Òṣùwọ̀n ni wọ́n dá padà sí ọwọ́ adájọ́. Ní ilẹ̀ tiwa, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ ní ọdún 1998 pé ìdájọ́ ikú kò tako òfin ìpìlẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ àwọn aṣòfin ni àtúnṣe wà. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ti ọdún 2019 gba Adájọ́ Àgbà láàyè láti sọ ikú di ẹ̀wọ̀n gbére, bí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ẹlẹ́wọ̀n bá ti parí, tí ọdún 10 sì ti kọjá láìpa á. Ó dára, ṣùgbọ́n ọdún 10 pẹ́ jù láti fi dúró ní ẹnu ikú, kí a tó wọn ohun tí ó yẹ kí a ti wọ̀n ní ọjọ́ kìíní.

Ẹ̀kọ́ Ìjọ lọ jìnnà ju ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún yìí lọ. Ní ọdún 2018, Póòpù Francis tún ọ̀rọ̀ Katikísímù ṣe, pé a kò lè tẹ́wọ́ gba ìjìyà ikú mọ́, nítorí iyì ènìyàn kì í tán lára rẹ̀, bí ó ti wù kí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tóbi tó. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá lè bẹ̀rẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn aṣòfin bá wá kí yín, ẹ sọ fún wọn pé kí wọn mú “dandan” kúrò nínú òfin náà.

Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a fi òsì fà á mọ́ra. Ẹni tí a ti pa, ọwọ́ wo ni a ó fi fà á mọ́ra? Ìdáhùn mi sí obìnrin náà nìyí: Rárá, ìyá, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà ní ọ̀sẹ̀ yìí fún àwọn tí olè ti ṣe lọ́ṣẹ́, àti fún àwọn tí ń dúró de ikú nínú ẹ̀wọ̀n.

Àlùfáà yín nínú Krístì.