Mo Lọ Láì Dágbére

Láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó kò jìnnà. Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú, yóò ti kọjá Ọ̀wẹnà kí oòrùn tó mú, yóò sì dé Oǹdó kí agogo ìsìn tó dún lẹ́ẹ̀kejì. Síbẹ̀, ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi gbé Àkúrẹ́ tí n kò tẹ ẹsẹ̀ bọ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi ní Oǹdó. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. N kò sì sọ pé Ọlọ́run kò sí. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan, mo sùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a ṣe òkú àgbà kan ní Sátidé, ayẹyẹ wọ òru, mo tún sùn. Nígbà tó yá, òjò ò rọ̀, òkú ò sì sí, mo ṣì ń sùn. Ní ọdún 2020, tí àrùn Kòrónà mú kí ìjọba ti ilé ìjọsìn, ara tù mí pé èmi nìkan kọ́ ló jókòó sílé mọ́. Wọ́n ṣí ilé ìjọsìn padà, àwọn ará ìjọ padà, èmi kò padà.

Báyìí ni ìfàsẹ́yìn ṣe ń bá ọ̀pọ̀ nínú wa. Okùn náà kì í já lójijì. Fọ́nrán kan ń tú lónìí, òmíràn ń tú lọ́la, títí a ó fi fà á tí kò ní sí ohunkóhun lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà lónìí kì í ṣe iye ìsìn tí mo pa jẹ. Mo lọ láì dágbére ni. Akọrin ni mí nínú ìjọ náà, èmi sì ni akápò ẹgbẹ́. Aṣọ akọrin wà nínú àpótí mi, owó tí a ń dá jọ láti fi tún dùùrù ṣe wà lọ́wọ́ mi. Mo kó méjèèjì lọ sí Àkúrẹ́. Nígbà tí owó ilé dé, mo ná owó dùùrù, mo ní n ó dá a padà lóṣù tó ń bọ̀. Nílẹ̀ wa, ọmọ tó bá fẹ́ rìn yóò sọ fún àgbà ilé, kódà bó bá jẹ́ ibi rere ló ń lọ. Ẹni tó bá yọ́ jáde láì dágbére, wọn kì í kọ́kọ́ béèrè ibi tó lọ. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ni wọ́n ń béèrè.

Ìṣọ́ òru kan ní Àkúrẹ́ ni ọkàn mi ti sọ jí. Alájọgbélé mi kan ló fà mí lọ. Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé, mo sì mọ̀ dájú pé Ọlọ́run tí mo kọ ẹ̀yìn sí kò kọ ẹ̀yìn sí mi. N kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú òru yẹn láé. Ilẹ̀ mọ́, mo lọ fún Màmá onílé wa ní ìròyìn ayọ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n wá béèrè pé:

“Ṣé o ti dé Oǹdó, ọmọ mi?”

“Rárá, Mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbí ná.”

“Ọlọ́run tó o bá sọ̀rọ̀ lóru àná, ṣé kì í ṣe òun náà ló wà ní Oǹdó?”

Inú bí mi. Ó dà bí ẹni pé wọ́n da omi sí iná tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí dá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Òun ló sì jẹ́ kí n tún inú rò lórí ìtàn ìsọjí tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹní mowó ní agbègbè yìí.

Ọ̀nà tó lọ láti Àkúrẹ́ sí Iléṣà ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì ìsọjí náà, wà ní oṣù October ọdún 1928, nígbà tó ń wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń la ọ̀nà. Ẹni ọdún 24 ni. Gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́rìí, ẹ̀rọ náà dúró láìsí ohun tó ṣe é, ohùn kan sì pè é ní orúkọ. Ìkéjì-Arákejì tó wà ní agbègbè náà ni yunifásítì tí a fi sọrí rẹ̀ wà lónìí. Ìtàn ẹ̀rọ tó dúró yìí ni oníwàásù fẹ́ràn láti sọ. Èmi fẹ́ràn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ní oṣù July ọdún 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, ọ̀pọ̀ èrò sì ya lọ láti ibi gbogbo. Kì í ṣe àwọn abọ̀rìṣà nìkan ló lọ. Ọ̀pọ̀ ló ti ṣe ìrìbọmi tipẹ́, tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìjọ, tí oògùn àti ìfúnpá sì wà lábẹ́ ibùsùn wọn. Wọ́n kó o jáde lójú gbogbo ayé, wọ́n jó o. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ọnà tí kò ní àfirọ́pò wà lára ohun tó jóná, ó sì ń dun àwọn tó mọ iyì rẹ̀. Àwọn tó ń dùn kò jẹ̀bi. Ohun tí mo ń wò ni ìgboyà ẹni tó gbé ohun tó fi pamọ́ jáde, tí ará àdúgbò rẹ̀ sì dúró tí wọ́n ń wò ó. Ibẹ̀ ni ẹ̀sìn àti ọmọlúàbí ti pàdé, nítorí òótọ́ ni òpó tí ọmọlúàbí fi dúró.

Lónìí, bí ìsọjí bá dé Àkúrẹ́, kí ni à ń kó jáde? Ọwọ́ là ń nà sókè. Mo ti rí ìpàdé níbi tí omijé ti ṣàn bí odò, tí ẹnikẹ́ni kò sì darí sílé lọ mú ìwé ilẹ̀ tó fi èrú gbà lọ́wọ́ ọmọ òrukàn. Owó àjọ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó kó o jẹ. Ọ̀gá ọ́fíìsì tó ti sọ ara rẹ̀ dọ̀tun kò tíì bẹ ọmọọṣẹ́ tó purọ́ mọ́. Àwọn baba wa tí a ń pè ní aláìmọ̀wé mọ̀ pé ẹni tó bá yí padà gbọ́dọ̀ ní nǹkan lọ́wọ́ tó gbé jáde. Sákéù agbowó-orí náà mọ̀ ọ́n. Jésù kò tíì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ tó ti ń ka iye tó máa dá padà, ìlọ́po mẹ́rin.

Wọ́n máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹni tó ń padà bọ̀ sínú ìgbàgbọ́ nílò ojú àgbà yẹn. Iwájú nìkan ni mò ń wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà lọ́dọ̀ Màmá onílé.

Àwa ará Oǹdó kò sì ní àwáwí, nítorí ẹni tó tọ́jú ìjọ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ fi ara rẹ̀ ṣe onílàjà. Ọdún 1877 tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ gan-an ni Charles Phillips dé Oǹdó. Ní 1886, òun àti Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, ni wọ́n rán láti wá àlàáfíà: Johnson ń tọ àwọn Ìbàdàn lọ, Phillips ń tọ Èkìtì Parapọ̀ lọ. Apá méjèèjì buwọ́ lùwé àlàáfíà ní ọdún náà, ṣùgbọ́n ibùdó ogun kò tú pátápátá títí di 1893, ọdún tí wọ́n fi Phillips jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ọdún méje láàárín ìwé àti ìtúká. Mo máa ń rò ó nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun ti tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan, wọn ò dá òun lóhùn, ó ti parí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti apá kejì pẹ̀lú, kí n má bàa dà bí ẹni tó ń na aláìsàn. Gbogbo ẹni tó fà sẹ́yìn kọ́ ni oorun gbé lọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù June 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa nǹkan bí 40 ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń sin Ọlọ́run. Bí ẹnì kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó bá ń bẹ̀rù àtiwọ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìyẹn, ta ló máa pè é ní apẹ̀yìndà? Ẹlòmíì gbàdúrà, gbààwẹ̀, ọmọ náà ṣì kú. Ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ pé ẹnu àwọn ará ìjọ ló lé e lọ. Ọ̀rọ̀ “apẹ̀yìndà” tí a ń sọ láti orí àga ìwàásù, tí gbogbo orí á yí sí ẹni tó jókòó lẹ́yìn, kò bá ìwà ọmọlúàbí mu, ì báà jẹ́ olùṣọ́àgùntàn ló sọ ọ́.

Ẹ tún ìtàn ọmọ onínàákúnàá gbọ́ pẹ̀lú etí Yorùbá. Àbúrò tó ba ayé jẹ́, “Bàbá” ló fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tó padà dé. Ẹ̀gbọ́n tí kò kúrò nílé rí kò pe baba rẹ̀ ní bàbá. Kò sì sọ pé “àbúrò mi”. “Ọmọ rẹ yìí” ló wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ará àdúgbò. Ìta ló dúró sí tó ń wí i. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ẹni tó ti lọ jìnnà jù nínú àwọn méjèèjì.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìṣọ́ òru yẹn ni mo tó lọ sí Oǹdó. Mo gbé aṣọ akọrin tí mo ti fọ̀ tí mo sì lọ̀, àti owó dùùrù. Mo fi kún owó náà dáadáa, nítorí náírà kò níye lórí bíi ti ìgbà tí mo ná an. Ilé ọ̀gá akọrin ni mo gbà lọ, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ pé Bàbá ti kú láti 2021. Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ fún ìyàwó wọn, n kò lè dìde.

“Dìde, jàre. Ṣé o ti jẹun?”

Mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Màmá ka owó náà ní sùúrù, wọ́n fi fóònù pe akọ̀wé ẹgbẹ́ pé kó wá gbà á. Wọ́n wá wọ yàrá, wọ́n mú ìwé kan jáde tí igun rẹ̀ ti ká, èyí tí Bàbá fi ń sàmì sí orúkọ akọrin ní ọjọọjọ́ Àìkú. Mo wá orúkọ mi. Kò fagi lé e. Láti ìgbà tí n kò ti wá mọ́ títí ó fi kú, kò kọ ọ́ rí pé n kò wá. Gbólóhùn kan náà ló ń kọ síwájú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, tí lẹ́tà kò dúró lórí ìlà mọ́: ó rin ìrìn àjò.