Sùúrù Kì í Ṣe Ìdákẹ́

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ẹni tí a rẹ́ jẹ, tí kò sì sọ̀rọ̀, ni ó ní sùúrù. Òtítọ́ ni pé sùúrù ni baba ìwà; ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sọ pé ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Báwo ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe lè jẹ́ òtítọ́? Jẹ́ kí a fi ọ̀ràn kan tí ó wọ́pọ̀ lóde òní yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní Òmù-Àrán, níbi tí Yunifásítì Landmark ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011, kọ̀ǹpútà alágbèéká ti di ọkọ́ àti àdá fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ká ní òbí akẹ́kọ̀ọ́ kan ta iṣu ọdún kan láti ra ọ̀kan fún un ní Ìlọrin. Ẹni tí ó tà á fún wọn ní ìwé wárántì, èyíinì ni àdéhùn pé bí ẹ̀rọ náà bá yọnu láàárín ọdún kan, òun yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù kẹrin, ojú ẹ̀rọ náà ṣókùnkùn. Wọ́n gbé e padà, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́hùn-ún. Nígbà tí ó dé, kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ojú rẹ̀ tún fi ṣókùnkùn; etí rẹ̀ kan sì ti sán. Aládùúgbò ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Ọ̀rẹ́ ní, "Lọ bú wọn ní ṣọ́ọ̀bù wọn." Ìwọ òǹkàwé mi, ta ni ìwọ yóò gbọ́ tirẹ̀?

Kọ́kọ́ bi ara rẹ léèrè ọ̀rọ̀. Wárántì wà fún àbùkù tí ẹ̀rọ gbé wá láti ibi tí a ti ṣe é; kì í sábà kan omi tí a dà sí i tàbí ilẹ̀ tí a là á mọ́. Bí o bá mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ni ó ti bàjẹ́, tí o sì fi irọ́ béèrè àtúnṣe, olè ni o jà. Ẹni tí yóò béèrè ẹ̀tọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Bí ọwọ́ rẹ bá mọ́, má ṣe dákẹ́. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà sọ pé ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é lásìkò, kí iṣẹ́ náà dára bí ó ti yẹ, kí ó sì dá ohun ìní oníbàárà padà láìbàjẹ́ ju bí ó ti gbà á lọ. Àjọ FCCPC ni ó ń gbọ́ ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1962, Ààrẹ John F. Kennedy sọ fún àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà pé ẹ̀tọ́ mẹ́rin ni oníbàárà ní, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé kí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ohùn ẹni tí kò fọhùn?

Kọ lẹ́tà. Sọ ọjọ́ tí o rà á, ọjọ́ tí o gbé e lọ, ọjọ́ tí o gbà á padà, àti ohun tí kò tíì dára. Tọ́jú rìsíìtì rẹ. Má ṣe bú ẹnikẹ́ni, nítorí ọmọ iṣẹ́ tí o bá ní ṣọ́ọ̀bù lè má mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ rẹ. Ọ̀rọ̀ rere sì ní í yọ obì lápò. Lẹ́yìn tí o bá ti sọ tán, tí o ń dúró de èsì, ìgbà náà gan-an ni sùúrù ní iṣẹ́ láti ṣe.

Má rò pé nítorí ara rẹ nìkan ni. Oníṣẹ́ tí a kò bá wí fún yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún opó tí kò mọ ìwé àdéhùn kà. Ní ọjọ́ kan pẹ̀lú, ìwọ náà yóò di oníṣẹ́, ohun tí ẹlòmíràn fi òógùn rà yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ. Ṣe é bí ìwọ ìbá ti fẹ́ kí a ṣe tìrẹ, bí ẹni tí ó ni ín bá sì padà wá wí pé kò dára, gbọ́ tirẹ̀.