Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Iyèméjì?

Bí ẹni méjì bá ń jiyàn lórí ohun kan, tí ọ̀kan ti bá ohun náà gbé láti ìgbà èwe rẹ̀, tí èkejì sì ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ nínú ìwé, ta ni ó yẹ kí a gbà gbọ́? Ìbéèrè yìí kì í ṣe eré àwọn onímọ̀ lásán. Ní ọdún 1977, oúnjẹ odidi ìran kan ni ó so mọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Àwọn Inupiat ni mo ní lọ́kàn, àwọn tí ń gbé etí Òkun Arctic ní Alaska, níbi tí omi òkun ti ń dì fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, tí yìnyín sì là, àwọn ọdẹ wọn a gbé ọkọ̀ tí wọ́n fi awọ ẹran òkun bò lọ sí etí omi tí ó ṣí sílẹ̀, wọn a sì máa ṣọ́ àbùùbùtán. Ẹran tí wọ́n bá pa kì í ṣe títà. Gbogbo ìlú ni í pín in. Opó, arúgbó, ọmọ òrukàn, kò sí ẹni tí kì í kàn. Kì í ṣe ọwọ́ wọn ni àbùùbùtán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ run. Ní ọdún 1848 ni àwọn oníṣòwò Amẹ́ríkà kọ́kọ́ tọ ẹran yìí lọ sí òkun ibẹ̀ nítorí ọ̀rá rẹ̀, kí ó sì tó nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ìwọ̀nba ni wọ́n ṣẹ́kù.

Ní 1977, àjọ àgbáyé tí ń ṣe àkóso ọdẹ àbùùbùtán pàṣẹ pé kí àwọn Inupiat ṣíwọ́ pátápátá. Àwọn onímọ̀ ti dúró létí yìnyín, wọ́n ti ka àwọn tí ó gba ojú omi kọjá, wọ́n sì sọ pé gbogbo wọn kò ju 2,000 lọ. Àwọn ọdẹ ní irọ́ ni. Wọ́n ní àbùùbùtán kì í bẹ̀rù yìnyín, pé ó ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ní ọ̀nà jíjìn sí èbúté, a sì máa fi orí lu yìnyín fọ́ kí ó lè mí. Nínú oṣù Kejìlá ọdún náà, lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ àti ìjà, àjọ náà yọ̀ǹda pé ní 1978, kí gbogbo abúlé wọn pa 12 péré, tàbí kí wọ́n gún 18.

Olórí ọkọ̀ ọdẹ kan, Harry Brower Àgbà, mú sùúrù ṣàlàyé fún Tom Albert, oníṣègùn ẹranko tí ó di onímọ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ North Slope, Albert sì gbọ́ ọ. Wọ́n ri ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ohùn sínú omi. Igbe àbùùbùtán ń wá láti ibi tí ojú kò tó, àní nígbà tí yìnyín ti pa ojú omi dé. Ní 1993, àwọn onímọ̀ kan náà ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan bí 8,000. Lóòótọ́ wọ́n ti bí sí i láàárín ìgbà náà, ṣùgbọ́n bíbí nìkan kò lè sọ wọ́n di iye yẹn.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí n yọ̀ tán. Owó orí tí ìjọba ìbílẹ̀ náà ń gbà lórí epo rọ̀bì ni ó fi náwó sí ìwádìí yìí. Bí kò bá sí epo lábẹ́ ilẹ̀ wọn ńkọ́? Ṣé òtítọ́ wọn ì bá ti di irọ́?

Ní 1986, Barry Hallen àti Ọ̀jọ̀gbọ́n J. O. Sodipo tẹ ìwé jáde lórí bí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa ṣe ń lo ọ̀rọ̀ méjì: mọ̀, àti gbàgbọ́. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni mo mọ̀. Èyí tí a sọ fún mi, mo kàn gbà á gbọ́ ni. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọ̀n ọ́n, Brower ni ó mọ̀. Àwọn tí ó jókòó sí ibi ìpàdé tí wọ́n ń ka iye orí ìwé, ìgbàgbọ́ ni tiwọn, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní ìmọ̀.

N kò sọ pé kí a má dán ọ̀rọ̀ àgbà wò. Àwọn onímọ̀ ní ìdí láti bẹ̀rù: ní àwọn ọdún náà, iye tí àwọn ọdẹ ń gún tí ó sì ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ti pọ̀ sí i. Ìdánwò kì í ṣe ìwọ̀sí. Ohun tí mo kọ̀ ni pé, nígbà tí ọ̀rọ̀ kò tíì dájú, ẹnì kan ṣoṣo ni a di ẹrù iyèméjì náà lé lórí, ẹni tí ìkòkò rẹ̀ yóò ṣófo. Àwọn tí ń ṣiyèméjì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ-ọmọ oníṣòwò tí ó pa ẹran náà run, a kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

Ẹrù náà ti ń yí padà báyìí. Òkun àríwá ń móoru, yìnyín ń fẹ́lẹ́, kòtò tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ dídì láti fi tọ́jú ẹran ti ń kún fún omi. Àwọn ọdẹ fúnra wọn sọ pé yìnyín kò rí bí àwọn bàbá wọn ṣe mọ̀ ọ́n mọ́. Ní Utqiaġvik, ìlú tí a ń pè ní Barrow títí di 2016, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Alaska ti ń wọn bí yìnyín ṣe nípọn tó lójú ọ̀nà tí àwọn ọdẹ là, wọ́n sì ń ya àwòrán ọ̀nà náà fún wọn. Àwọn ọdẹ gba àwòrán náà. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń fi ọ̀pá gún yìnyín wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.