Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ́kọ́ Jókòó Ṣírò Rẹ̀

Ẹ ka: Lúùkù 14:28–30, Òwe 22:7, 1 Tímótì 6:6–8

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni, àwọn tí wọ́n ti jáde ní yunifásítì, tí wọ́n ti sin ilẹ̀ baba wọn, tí wọ́n sì rí iṣẹ́ sí ìlú Èkó. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í tíì gba owó oṣù mẹ́fà tán tí àwọn ènìyàn fi ń béèrè pé, "Ṣé kò tíì ra mọ́tò ni?" Ìbéèrè kékeré ni lójú ẹni tó bi í, ṣùgbọ́n ẹrù ńlá ni léjìká ọmọ tí a bi.

Olúwa wa Jésù Krístì bi àwọn tí ń tẹ̀lé E léèrè pé, ta ni yóò fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ tí kò ní kọ́kọ́ jókòó láti ṣírò iye tí yóò ná an? Bí ó bá fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ tí kò lè parí rẹ̀, àwọn tí ń wò ó yóò fi í ṣẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ ìtẹ̀lé Rẹ̀ ni Olúwa ń sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí gbogbo ìyá tó ń ná owó ọjà mọ̀ ni Ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí àwa náà jókòó ṣírò.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọ wa ń gba ₦250,000 lóṣù. Ó ń gbé ní Ìkòròdú, ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó Ìsàlẹ̀. Ó rí ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan ní mílíọ̀nù mẹ́rin náírà, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì yá a ní gbogbo owó náà láìgba èlé, kí ó fi ọdún méjì san án. Èyí jẹ́ nǹkan bí ₦166,700 lóṣù. Bí ó bá ń jó lítà epo ogójì lọ́sẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí lítà kan sì jẹ́ ₦1,000, epo nìkan jẹ́ ₦160,000 lóṣù. Ẹ ro méjèèjì pọ̀: ₦326,700. Owó oṣù ti tán, ó ti wọ gbèsè, kò tíì jẹun, kò tíì san owó ilé, kò tíì san ìdámẹ́wàá, kò sì tíì fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ sílé. A kò tíì dárúkọ mẹkáníìkì, táyà, bátìrì àti ìwé ọkọ̀. Ìṣedúró tó kéré jù tí òfin béèrè, èyí tó jẹ́ ₦5,000 tẹ́lẹ̀, di ₦15,000 láti oṣù January 2023.

Bí òbí bá tilẹ̀ fi owó ara wọn ra ọkọ̀ náà fún un, epo yóò ṣì gba ₦160,000, yóò ku ₦90,000 fún gbogbo ìyókù. Ẹ̀bùn tí a fi ìfẹ́ fún ọmọ lè di ohun tí ń jẹ ẹ́ lẹ́ran.

Àwa tí a dàgbà díẹ̀ gbọ́dọ̀ rántí pé ayé ti yí. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní ìparí oṣù May 2023, lítà epo kò tó ₦200 ní Èkó. Nígbà tí yóò fi di oṣù October 2024, ó ti tó nǹkan bí ₦1,000. Náírà náà já wálẹ̀: dọ́là kan tí kò tó ₦500 ní báǹkì ṣáájú oṣù June 2023 ti kọjá ₦1,500 nígbà tó fi di ìparí ọdún 2024. Dọ́là ni wọ́n sì fi ń ra tòkunbọ̀ kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e dé èbúté Àpápá. Nítorí náà, kí a má ṣe wí fún ọmọ pé, "Nígbà tí bàbá rẹ tó ọ, ó ti ní mọ́tò." Owó bàbá rẹ̀ àti owó tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìwé Òwe kọ́ wa pé ẹni tó yá owó di ìránṣẹ́ ẹni tó yá a lówó. Àwọn baba wa mọ èyí dáadáa. Ìwọ̀fà ni wọ́n ń pe ẹni tó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ dúró fún èlé owó tó yá. Ìwọ̀fà òde òní wà nínú fóònù. Àwọn kan ń yá ọmọ lówó lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ọjọ́ bá yẹ̀, wọn a fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, títí kan ìyá àti ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í sọ fún wa títí ìtìjú yóò fi dé.

John Wesley, baba wa nínú ìgbàgbọ́, sọ ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Oxford, tí ọ̀pọ̀ gbà pé òun fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tí owó rẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n pọ́n-ùn lọ́dún, ó fi méjìdínlọ́gbọ̀n jẹun, ó fi méjì tọrẹ. Ní ọdún kejì owó náà di ọgọ́ta, ó ṣì ń fi méjìdínlọ́gbọ̀n jẹun, ó fi méjìlélọ́gbọ̀n tọrẹ. Nígbà tó di àádọ́rùn-ún, àti lẹ́yìn náà ọgọ́fà, iye tó ń ná lórí ara rẹ̀ kò yí padà. Owó rẹ̀ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n lára aṣọ tàbí ẹṣin rẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

A kò sọ pé ọkọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni Fílípì ti wàásù fún ìwẹ̀fà ará Etiópíà. Ọmọbìnrin tó ń jáde níbi iṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tó sì ń bẹ̀rù "wáńṣáǹsì", ní ìdí tó dájú. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le, tàbí tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé e kiri, ní ìdí. Ṣùgbọ́n kí ìdí náà jẹ́ àìní, kí ó má jẹ́ ojú ayé. Bí ẹ̀rù alẹ́ bá ni, ṣé ilé tó súnmọ́ ibi iṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ yàrá kan tí òun àti ọ̀rẹ́ jọ san, kò ní wọ́n níwọ̀n ju ọkọ̀ lọ? Ṣé bọ́ọ̀sì BRT, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, kò gba ọ̀nà rẹ̀? Ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2 láti oṣù September 2023, ó sì ń gbé e láàárín Agbádó àti Oyíngbò láti oṣù October 2024. Kí ọmọ wò wọ́n ná.

Ẹ̀yin ìyá, ọwọ́ wa ni èyí tó kù wà. Nínú ìpàdé wa, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ra ọkọ̀ máa ń jó wá síwájú, a sì ń bá a yọ̀; ó dára. Ṣùgbọ́n ta ló ń bá ìyá yọ̀ tí ọmọ rẹ̀ san gbèsè tán, tàbí tó ń san owó ilé ìwé àbúrò rẹ̀, tó sì ń wọ dáńfó? Ọmọ tó gbọ́ lójoojúmọ́ pé ẹgbẹ́ òun ti gun òun kọjá lè wá owó lọ sí ibi tí ẹkún rẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ọmọ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan bá sì ṣàdédé gbé ọkọ̀ ńlá wálé, kí a tó pe olùdarí ìjọ láti wá gbàdúrà sí i, ẹ jẹ́ kí a fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ibi tó ti wá.

Pọ́ọ̀lù kọ́ Tímótì pé ìwà-bí-Ọlọ́run pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn jẹ́ èrè ńlá. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a pe àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó. Kí a béèrè bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń sùn, bóyá ẹnì kan ń bá wọn gba gbèsè. Kí a sọ fún wọn pé inú wa dùn sí wọn bí wọ́n ti wà yìí, àti pé ìlẹ̀kùn ilé wa ṣí sílẹ̀ fún wọn, ìbáà jẹ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé.

Olúwa, fún àwọn ọmọ wa ní ọgbọ́n láti ṣírò, fún àwa ìyá wọn ní ahọ́n tí ń gbé ró. Ṣọ́ wọn ní ojú pópó, ní àlọ àti ní àbọ̀, ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.