Ta Ni Ó Yẹ Kí Á Pè Ní Olùkọ́?

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Bí àgbà náà kò bá mọ ìwé ńkọ́? Ǹjẹ́ ó yẹ kí á pè é ní olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga? Ìbéèrè yìí kan àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n.

Ní Ìbàdàn ni ẹ̀kọ́ yíya àwòrán ilé ti bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa ní 1952. Wọ́n gbé e wá sí Zaria ní 1955, ó sì di ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní 1962. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ìgbà náà tí Babban Gwani Mikaila ti fi amọ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ sínú odi Zaria. Igi àgbọn olódù tí ikán kì í jẹ, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní azara, ni ó tò sínú amọ̀ náà, tí ó fi tẹ̀ bí ọrun láti òpó dé òpó, tí òrùlé sì dúró lé e. Mikaila kò gba ìwé ẹ̀rí kankan.

Irú ọ̀ràn yìí ti dé bá àwọn ará Japan rí. Ní 1877, ìjọba wọn pe Josiah Conder, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti wá kọ́ wọn ní yíya àwòrán ilé ní Tokyo. Tatsuno Kingo, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù. A gbọ́ pé níbẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ti bi í léèrè ìtàn ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ baba rẹ̀. Kò rí ìdáhùn fọ̀. Ojú tì í. Ó padà sílé, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní 1889, yunifásítì náà pe Kigo Kiyoyoshi, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ìdílé rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní ààfin ọba láti ìran dé ìran, láti wá kọ́ àwọn ọmọ ìwé ní iṣẹ́ ilé onígi. Wọn kò sì torí èyí pa ẹ̀kọ́ ilé oníbíríkì tì.

Ẹnìkan lè wí pé ilé amọ̀ ń fẹ́ àtúnrẹ́ lẹ́yìn òjò, àti pé ẹni tí kò mọ ìṣirò kò lè kọ́ni ní ilé alájà púpọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé mọ̀ àti ohun tí ọwọ́ mọ̀ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n wó lára mọ́ṣáláṣí Mikaila láti fi kọ́ tuntun. Ilé tí a bá wó, a lè tún un kọ́, bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ́ bá fi ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí ìmọ̀ náà bá bá a wọ ilẹ̀, ta ni yóò tún un kọ́?

Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó ní ìmọ̀ tí ó sì lè fi hàn ni olùkọ́. Ìwé ẹ̀rí kàn ń jẹ́rìí sí i ni. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá dé ilé-ẹ̀kọ́ tí a ó ti máa kọ́ni, ẹ jẹ́ kí á wá alárẹ̀, ahunṣọ àti mọlémọlé àdúgbò náà rí, kí á sì fún wọn ní àga níwájú àwọn ọmọ. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí ó dójú ti Tatsuno yóò dójú ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ́la.